Ẹ Ka Ara Ṣájà Yín Kí Ẹ Tó Di Ẹrù: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Olùkàwé Lórí Iná Òkè-Òkun

Lẹ́tà tí ó wọlé sí wa ní oṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ ṣájà, àdápítọ̀ àti iná òkè-òkun pọ̀ gan-an, kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí àsìkò tí àwọn ọmọ wa ń lọ sí yunifásítì lókè-òkun nìyí, tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ń di ẹrù, tí àwọn ìyá àgbà sì ń lọ bá àwọn ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ìbéèrè náà jọra, nítorí náà a yan èyí tí ó lè dáhùn fún àwọn yòókù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ń lọ sí Kánádà láìpẹ́. Mo ra àdápítọ̀ kan ní Dùgbẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún mi sọ pé tí mo bá ti kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, yóò yí iná wọn padà sí irú tiwa, kò sì sí ohun tí n kò ní lè lò. Mo fẹ́ kó fóònù, láptọ́ọ̀pù, áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ iṣẹ́, àti blẹ́ńdà tí ìyá mi fún mi dání. Ṣé òótọ́ ni ohun tí ó sọ? — Nọ́ọ̀sì kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Kì í ṣe òótọ́, inú wa sì dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ yìí gan-an ni ó ń ba ohun èlò oníná jẹ́ mọ́ àwọn arìnrìn-àjò lọ́wọ́. Àdápítọ̀ kì í yí iná padà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó gba púlọ́ọ̀gì tiwa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta tí ó sì nípọn, sí ojú kan, kí ó sì yọ ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ irú èyí tí wọ́n ń lò ní Kánádà síta ní ojú kejì. Iná tí ó bá wà nínú ògiri ni yóò gba inú rẹ̀ kọjá gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, iná tí ó yẹ kí ó máa jáde láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ fọ́ltì 230 sí 240. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, 120 ni. Àdápítọ̀ tí ẹ rà yóò gbé 120 yẹn fún ohunkóhun tí ẹ bá fi sí i, ohun náà ni yóò sì pinnu bóyá ó lè gbà á tàbí kò lè gbà á.

Ara ṣájà fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí. Ẹ mú ṣájà fóònù yín lọ sí ojú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ yẹ apá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde wò. Ẹ ó rí àkọlé wínníwínní kan níbẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ike tí wọ́n kọ ọ́ sí, débi pé ó lè jẹ́ pé ẹ ní láti yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ẹ tó lè kà á. Èyí tí ó wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ ìdáhùn yìí, ohun tí wọ́n kọ sí i ni «INPUT: 100-240V~ 50/60Hz 0.5A». Ìlà yẹn ni kí ẹ wá. Ó ń sọ pé ṣájà náà lè gba iná láti orí fọ́ltì 100 títí dé 240, ìbáà jẹ́ irú tiwa tàbí irú tiwọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí nǹkan kan padà. Ṣájà fóònù òde òní fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti láptọ́ọ̀pù, tí wọ́n kọ tirẹ̀ sí ara ike dúdú tí ó wà ní àárín wáyà rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti rí ẹ̀rí èyí nílé. Ní alẹ́ tí iná bá lọ sílẹ̀ ní àdúgbò, tí gílóòbù ń pọ́n tí kò sì tàn mọ́, tí fáànù ń yí bí arúgbó tí ó ń gun òkè Màpó, fóònù tí ẹ ti fi sí ara ògiri kì í dákẹ́. Ó ń gba iná rẹ̀ lọ. Ohun tí ó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé iṣẹ́ ṣájà ni láti sọ iná ògiri, bí ó ti wù kí ó ga tàbí kí ó rẹlẹ̀ tó láàárín 100 sí 240, di ìwọ̀n kékeré tí fóònù fẹ́. Ìwọ̀n kékeré yìí ni wọ́n kọ sí iwájú «OUTPUT» lábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ltì 5.

Áyọ́ọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wo ara tiyín, ẹ ó rí i pé 220-240V nìkan ni wọ́n kọ sí i. Ohunkóhun tí ó jẹ́ pé gbígbóná ni iṣẹ́ rẹ̀, bí áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù oníná àti ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun, tí fọ́ltì rẹ̀ bá já sí ìdajì, iná tí ń ṣàn nínú rẹ̀ náà yóò já sí ìdajì, ìdajì nínú ìdajì sì ni ìdá kan nínú mẹ́rin. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1200 tí ẹ ń lò ní Mọ́kọ́lá yóò di áyọ́ọ̀nù wáàtì 300 ní Kánádà: yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò ní na aṣọ. Ní ti blẹ́ńdà, mọ́tò rẹ̀ yóò máa fà tìkọ̀tìkọ̀, ata kò sì ní kúnná. Bí ẹnì kan bá gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra step-down, ẹ̀rọ tí ń rẹ fọ́ltì sílẹ̀, kò tilẹ̀ mọ ohun tí ẹ nílò, nítorí ẹni tí ó gbé ẹrù Amẹ́ríkà wá sílé ni ó ń lo step-down. Ẹni tí ó gbé ẹrù ilé lọ síbẹ̀, step-up, èyí tí ń gbé fọ́ltì sókè, ni ó nílò, èyí tí ó bá sì lè gbé áyọ́ọ̀nù wúwo ju áyọ́ọ̀nù náà lọ fíìfíì. Àwọn kan tún máa ń ta ẹ̀rọ kékeré tí kò wúwo tí wọ́n ní ó ń yí fọ́ltì padà. Ohun tí ń gbóná nìkan ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ fún, ó sì lè ba láptọ́ọ̀pù jẹ́.

Ẹ kó fóònù àti láptọ́ọ̀pù dání, kí ẹ ra áyọ́ọ̀nù lọ́hùn-ún, kí ẹ sì bẹ ìyá yín pé kí wọ́n bá yín tọ́jú blẹ́ńdà náà sílé. Kí ẹ tó di àdápítọ̀ yẹn mọ́ ẹrù, ẹ ki púlọ́ọ̀gì láptọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́ kí ẹ sì mì í díẹ̀. Bí ó bá ń mì jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀, ẹ má gbé e lọ, torí ibi tí irin kò bá ti di irin mú dáadáa ni iná ti ń ṣá, tí ike sì ń yọ́. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tí ó yọ síta: a fẹ́ kí ó ní ẹsẹ̀ kẹta tí ó rí roboto lábẹ́ àwọn méjèèjì, nítorí láptọ́ọ̀pù. A ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú ìdáhùn tí ó kẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọ wa obìnrin ní kí èmi àti ìyá rẹ̀ wá lo oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ òun ní Manchester. Ẹnì kan sọ pé kí a ra àdápítọ̀, ẹlòmíràn ní kí a má ra nǹkan kan. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀? — Bàbá kan, Òkè-Àdó, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àgbà sà. Ẹnì kejì ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe é, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BS 1363, ọdún 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Fọ́ltì wọn jẹ́ 230, ìwọ̀n ìlù iná wọn, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, sì jẹ́ 50Hz bí tiwa. Ṣájà tí ẹ ń lò ní Òkè-Àdó yóò wọ ara ògiri Manchester láìsí ìṣòro kankan. Bí ẹ bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ lè rí sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì nínú balùwẹ̀. Ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n ni wọ́n ṣe é fún, kí ẹ má fi fóònù sí i.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ̀ wò nínú ẹrù yín. Ọ̀pọ̀ ṣájà tí ó wà ní ọjà wa ni ó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì roboto, irú èyí tí ó yẹ fún Yúróòpù. Gbogbo wa ni a mọ bí a ṣe ń kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nílé: a ó mú ìdérí bíròo tàbí ṣáṣá ìgbálẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ bọ ihò òkè, a ó sì fi ọwọ́ kejì ti ṣájà wọlé. Ẹsẹ̀ òkè nínú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gùn ju àwọn méjì ìsàlẹ̀ lọ, òun ni ó kọ́kọ́ ń wọlé, òun náà ni ó sì ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tí wọ́n fi bo ihò méjèèjì tí iná wà. Ìlẹ̀kùn yẹn ni ó ń dáàbò bo ọmọdé tí ó bá fẹ́ ki nǹkan bọ ihò náà. Nígbà tí a bá fi bíròo ṣí i, a ti mú ààbò ọmọ kúrò, ẹsẹ̀ roboto tín-ín-rín tí a tì wọlé kò sì bá irin inú rẹ̀ mu, nítorí náà ó ń gbóná, ó sì ń tàn yẹ̀rì bí ẹnikẹ́ni bá fi ara kàn án. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi súkúrúdíráfà tàbí kọ́kọ́rọ́ ṣe é, irin gidi nìyẹn, ní ọwọ́ ènìyàn. A bẹ̀ yín, ẹ má kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ yín ní Manchester ní àṣà yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí a jọ fi í sílẹ̀ nílé pẹ̀lú. Àdápítọ̀ kékeré tí ń sọ ẹsẹ̀ méjì di mẹ́ta, tí ó ní fíúsì nínú, wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan tí à ń fi ìwàláàyè ọmọ wé. Fíúsì yẹn ṣe pàtàkì, nítorí òun ni yóò já bí iná bá pọ̀ jù; èyí tí kò bá ní fíúsì kò yẹ ní rírà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ o. Umrah ni mò ń lọ, àwa mẹ́rin ni a ó sì jọ wà nínú yàrá kan. Ẹ jọ̀wọ́, irú púlọ́ọ̀gì wo ni wọ́n ń lò ní Mẹ́kà? Ọmọ mi tún ra páwà báǹkì ńlá kan fún mi, 50,000 ni wọ́n kọ sí i lára, kí n má baà wá iná kiri. Ṣé kí n fi sínú báàgì ńlá tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ mi? — Alhaja kan, Ọjà'ba, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Kí Ọlọ́run gbà á ní ìbọ, Alhaja. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi tiwa ni wọ́n ń lò jù ní Sáúdí Arébíà lónìí, fọ́ltì 230. Ní àtijọ́, fọ́ltì 127 ni ó wọ́pọ̀ nínú ilé wọn, nítorí náà ẹ lè rí sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò pẹlẹbẹ ní àwọn ilé tí ó ti pẹ́. Àdápítọ̀ ẹyọ kan nínú báàgì ọwọ́ tó fún ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, kí ẹ sì mú wáyà ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kan láti ilé kí ẹ má baà máa jà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fóònù mẹ́rin kì í wúwo fún un. Kẹ́tù ni kí ẹ má fi sí i pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, káàdì tí a fi ṣílẹ̀kùn ni a ó ki bọ ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn kí iná yàrá tó wá, bí a bá sì yọ ọ́ jáde lọ kírun, ṣájà lè dákẹ́ títí a ó fi padà dé. Alẹ́ tí ẹ bá ń sùn ni kí ẹ gba iná sí fóònù.

Ní ti páwà báǹkì, rárá o, kò gbọdọ̀ wọ inú báàgì ńlá tí wọ́n ń kó sí abẹ́ bàálù. Òfin ọkọ̀ òfuurufú káàkiri ayé ni pé báàgì ọwọ́ ni kí ó wà, nítorí bátìrì irú rẹ̀ lè gbiná, bí ó bá sì gbiná lọ́dọ̀ èrò, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ yóò tètè rí i pa, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ní abẹ́ ọkọ̀ láàárín ẹrù, ọwọ́ wọn kò lè tó o. Ìwọ̀n tí wọ́n ń wò ni Wh, ìyẹn iye agbára tí bátìrì lè kó pamọ́. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sí ara tiyín, ẹ fi 3.7 sọ iye mAh, irú 50,000 tí wọ́n kọ sí tiyín yẹn, di ìlọ́po, kí ẹ sì fi 1000 pín in. Ti 10,000 jẹ́ 37Wh, ti 20,000 jẹ́ 74Wh. Títí dé 100Wh, ẹ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Láti 100 dé 160, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní láti fọwọ́ sí i ṣáájú. Ohun tí ó bá ju 160 lọ, kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ èrò. Ti 50,000 yẹn jẹ́ 185Wh. Bí ẹ bá gbé e dé pápákọ̀ òfuurufú Èkó, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ kò sì ní rí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi pààrọ̀ ti 20,000 ní ibi tí ó ti rà á, kí ó sì rí i dájú pé iye náà hàn ketekete lára rẹ̀, nítorí èyí tí àkọlé rẹ̀ bá ti pa rẹ́, wọ́n lè gbà á pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: Onígbàjámọ̀ ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Houston fi kílípà tuntun méjì ránṣẹ́ sí mi. Mo fi ọ̀kan sí iná ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àdápítọ̀. Ariwo tí ó pa kò kéré, ó gbóná, ó sì kú kí n tó gé orí kan tán. Èkejì ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Èmi náà yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tí ń bọ̀. Báwo ni mo ṣe lè lo èkejì níbí, ṣé mo sì lè kó kílípà tí mo ń lò níbí lọ sí ọ̀hún? — Onígbàjámọ̀ kan, Ìyànà Church, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èkíní ni òdìkejì ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá. Wọ́n ṣe kílípà yẹn fún fọ́ltì 120, a sì fún un ní ìlọ́po méjì. Bí fọ́ltì bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ohun èlò ń fà lè di ìlọ́po mẹ́rin, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé sínú rẹ̀ kò sì lè gbé e. Ẹ má ṣe fi èkejì sí iná rárá títí ẹ ó fi ka àkọlé ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí «120V 60Hz» nìkan, ẹ mọ̀ pé ọmọ ìyá èkíní ni.

Ọ̀rọ̀ kílípà jinlẹ̀ ju ti fóònù lọ, ó sì yẹ kí àwọn onígbàjámọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Iná tí ń jáde láti ara ògiri kì í ṣàn sí apá kan ṣoṣo. Ó ń lọ ó ń bọ̀. Tiwa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Amẹ́ríkà ní ìgbà 60, iye yìí ni wọ́n ń pè ní Hz. Kílípà oníwáyà tí ó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò ní mọ́tò tí ń yí. Wáyà tí a wé ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú irin kan tí wáyà náà ń fà mọ́ra tí ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nígbà kọ̀ọ̀kan tí iná bá lọ tí ó sì bọ̀. Ní Houston, ahọ́n kílípà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Ìbàdàn, 100 ni. Ìwọ̀n ìlù yẹn ni wọ́n fi ṣe spíríǹgì inú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ ra step-down gidi tí ó sọ 240 di 120, tí ó sì gba èkejì lọ́wọ́ ikú, kò lè sọ 50Hz di 60Hz. Kílípà náà yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè máa kan gbàgbàgbà, kí ó sì máa fa irun dípò kí ó gé e. Súkúrúù kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ wọn. Tí ẹ bá yí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, ariwo náà lè lọ sílẹ̀. Kò ní rí bíi ti Houston, ṣùgbọ́n a lè fi gé irun.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò dojú kọ kílípà tiyín bí ẹ bá kó o lọ sí Amẹ́ríkà, fọ́ltì àti ìlù kò ní bá a mu. Ní Jàpáánì, ọ̀rọ̀ yìí wà láàárín orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo: ìhà Tokyo ń lo 50Hz, ìhà Osaka ń lo 60Hz, nítorí pé ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ni Tokyo ti ra ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀, tí Osaka sì ra tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọn kò tíì pa á pọ̀ di ẹyọ kan títí di òní.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ̀gbọ́n yín pààrọ̀ èkejì sí kílípà tí a ń gba iná sí, tí ó ń lo bátìrì, kí wọ́n sì rí i pé 100-240V ni wọ́n kọ sí ara ṣájà rẹ̀. Irú rẹ̀ kò bìkítà nípa Hz, nítorí bátìrì ni ó ń gbé ahọ́n rẹ̀ lọ, ẹ sì lè lò ó ní Ìbàdàn, kí ẹ gbé e lọ sí Houston, kí ẹ tún gbé e padà wá. Àdápítọ̀ lásán ni yóò yàtọ̀. Àǹfààní rẹ̀ nílé kò kéré pẹ̀lú, nítorí bí iná ìjọba bá lọ nígbà tí orí oníbàárà ṣì ku ìdajì, ẹ kò ní láti sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta aṣọ ní Gbági. Mo máa ń lọ sí Kútọnu àti Lómé, mo sì ń múra láti lọ sí Guangzhou fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣé àdápítọ̀ kan lè kárí gbogbo rẹ̀? — Oníṣòwò kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ó lè kárí. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ẹsẹ̀ méjì roboto ti àwọn Faransé ni wọ́n ń lò, fọ́ltì 220. Bí ẹ bá kọjá sí Gánà, ẹsẹ̀ mẹ́ta tiwa ni ẹ ó tún bá níbẹ̀. Ní Ṣáínà, fọ́ltì 220 àti 50Hz ni, sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sì sábà máa ń ní ihò méjì pẹlẹbẹ lókè, àti mẹ́ta tí méjì nínú wọn dà gẹ̀gẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Àdápítọ̀ aládàápọ̀, èyí tí a ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, bá gbogbo èyí mu, pàápàá bí ó bá ní ihò USB lára. Ẹ wo áḿpíà (A) tí wọ́n kọ sí i, ìyẹn ìwọ̀n iná tí ó lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá jẹ́ 10A, ní iná 220 ó lè gbé wáàtì 2200, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà tí fọ́ltì jẹ́ 120, wáàtì 1200 ni yóò lè gbé. Ẹ yẹra fún èyí tí wọn kò kọ iye kankan sí lára. Bí ẹ bá ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà lọ́jọ́ kan, ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ mẹ́ta roboto ńláńlá tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kì í sábà sí nínú aládàápọ̀. Ẹ ní láti ra tirẹ̀ lọ́tọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Bódìjà ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì báyìí. Láptọ́ọ̀pù mi, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin, kì í ṣe mí ní nǹkan kan nílé. Níbí, tí mo bá fi sí iná pẹ̀lú àdápítọ̀ pẹlẹbẹ kékeré tí mo rà ní Queen Cinema, tí mo wá gbé ọwọ́ lé e, ó ń ta mí wínníwínní, bí ìgbà tí nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ. Ṣé kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan.

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé kọ̀ǹpútà yín kò bàjẹ́. Àdápítọ̀ yẹn ni ó pàdánù ẹsẹ̀ kẹta. Nínú púlọ́ọ̀gì wa, ẹsẹ̀ òkè ni wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn rewáyà ń fà lọ sí inú ilẹ̀. Ìṣẹ́kù iná díẹ̀ máa ń jò láti inú ṣájà láptọ́ọ̀pù lọ sí ara irin rẹ̀, kò pọ̀, wáyà yẹn sì ń gbé e lọ sí ilẹ̀ kí ènìyàn tó mọ̀. Àdápítọ̀ pẹlẹbẹ tí ó ní ẹsẹ̀ méjì tín-ín-rín kò ní ibi tí yóò gbé e gbà, nítorí náà ara yín ni ó ń gbà kọjá. Ìṣẹ́kù yẹn kì í sábà pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n bí ṣájà bá wá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan tí iná gidi já sí ara irin, kò sí ohun tí yóò gbà yín sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi sọ fún nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá pé kí ó wá àdápítọ̀ tí ó ní ẹsẹ̀ kẹta.

Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri yàrá yín. Ó jin wọ inú, ó rí roboto, ẹ ó sì rí irin kékeré méjì ní òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àwọn ni ẹ́ẹ̀tì ti Jámánì. Ní Faransé, irin ẹ́ẹ̀tì náà yọ síta láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì bí ìka. Àdápítọ̀ tí ẹ nílò ni èyí tí ó nípọn, tí ó kún inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà fọ́fọ́, tí ó ní irin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ó sì ní ihò kan fún ti Faransé. Ó bá orílẹ̀-èdè méjèèjì mu. Bí ẹ bá ń lọ sí Ítálì ní ìsinmi, ẹ mú àdápítọ̀ pẹlẹbẹ yẹn dání fún fóònù nìkan, nítorí ihò mẹ́ta tí ó tò ní ọ̀wọ́ kan ni wọ́n ń lò níbẹ̀, èyí tí ó nípọn kì í sì í wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀nà kan tún wà tí ó dára jù, tí kò sì ní í ṣe pẹ̀lú àdápítọ̀. Wáyà tí ó ti ara ògiri wá sí ara ike dúdú ṣájà láptọ́ọ̀pù yín ṣeé yọ. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wo ojú ibi tí ó ti wọ inú ike náà. Bí ó bá ní ihò mẹ́ta tí a tò bí ewé, ẹ mú un lọ sí ilé ìtajà ohun èlò iná èyíkéyìí ní ìlú tí ẹ wà, kí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní irú rẹ̀ tí orí rẹ̀ jẹ́ ti Jámánì. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé, kò sì sí ohun tí yóò máa mì ní àárín. Ní ti fóònù, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni pé USB-C ni ojú ìgbaná fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀, nítorí náà bí ojú fóònù yín bá ti jẹ́ irú rẹ̀, ẹ ra orí ṣájà wọn kí ẹ sì máa lo wáyà tí ẹ gbé láti ilé. Bí láptọ́ọ̀pù náà bá ṣì ń ta yín lẹ́yìn tí ẹ ti pààrọ̀ wáyà yìí, ẹ gbìyànjú sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn ní yàrá mìíràn. Bí kò bá ta yín níbẹ̀, ẹ sọ fún onílé pé kí ó pe rewáyà wá yẹ ẹ́ẹ̀tì yàrá yín wò. Bí ó bá ta yín níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ yọ ṣájà náà kúrò nínú iná, kí ẹ má sì lò ó mọ́ títí ẹ ó fi ra òmíràn.